Ọ̀gbẹlẹ̀ Tí Ọ̀gá Àgbà Kò Fọwọ́ Sí

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gba ìjọba sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀sùn kan. Nígbà tí wọ́n dá Àjọ Ìwádìí Bàrà Ilẹ̀ Gbígbẹ sílẹ̀, ohun tí wọ́n kọ sórí ìwé ni pé kí ọ́fíìsì rẹ̀ wà lókè lọ́hùn-ún, níhà Kíṣí. Bàrà, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: ewéko tó ń fà nílẹ̀, tí èso rẹ̀ rí roboto, tí inú rẹ̀ ni a ti ń kó ẹ̀gúsí. Ọdún méjì léraléra ni òjò já àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ kulẹ̀, tí bàrà wọn gbẹ kó tó so. Iṣẹ́ Àjọ náà kò ju kí wọ́n wá irú bàrà tí yóò lè fara da ọ̀gbẹlẹ̀ jáde, kí wọ́n sì kó irúgbìn rẹ̀ fún àgbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n fi ṣe Ọ̀gá Àgbà ni Olóyè Alàgbà Dennis Akíntúndé, ẹni tó fi ọdún márùndínlógójì ṣiṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, tó fẹ̀yìn tì, tí ìjọba sì tún lọ hú jáde nílé rẹ̀ ní Festac bí ẹni hú iṣu. Ọkùnrin náà ní dókítà òun ti sọ pé òun kò gbọdọ̀ fa eruku símú. Ó ní tó bá jẹ́ pé ilẹ̀ gbígbẹ ni ìjọba ń fẹ́, kí ìjọba gbé ilẹ̀ gbígbẹ wá bá òun.

Wọ́n sì gbé e wá. Ogójì típà iyanrìn ni wọ́n dà sórí ilẹ̀ kan ní Amuwo-Odofin, lẹ́bàá gọ́tà ńlá tó ń ṣàn lọ sínú kánààlì, ní àdúgbò tí ògiri ilé ti máa ń làágùn, tí ọ̀pọ̀lọ́ sì máa ń bá onílé jókòó ní pálọ̀. Wọ́n wá fi ọ̀rá funfun ṣe òrùlé bo gbogbo oko náà kí òjò má bàa kàn án. Bí àwa ará Èkó ṣe ní ọ̀gbẹlẹ̀ tiwa nìyẹn, tí kò tóbi ju pápá bọ́ọ̀lù kan lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ bá ti bá àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó fẹ̀yìn tì gbé ní Festac, ẹ ó ti mọ irú èèyàn tí mò ń sọ. Ọkùnrin yìí kò lè gba ife omi lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láì béèrè ẹni tó ní kí wọ́n bu ú. Bó bá sín ní ọ́fíìsì, akọ̀wé Àjọ, Arábìnrin Adébùnmí, á ní, “Ẹ̀mí gígùn, sà,” gbogbo òṣìṣẹ́ á sì dìde dúró títí yóò fi nu imú tán. Adébùnmí yìí kan náà ló ń gbé agbòjò lé e lórí bó bá wọ inú oko. Mo ti sọ fún yín pé oko náà ní òrùlé. Agbòjò ṣì wà níbẹ̀ síbẹ̀síbẹ̀, nítorí pé, gẹ́gẹ́ bí Adébùnmí ti wí, òrùlé wà fún bàrà, agbòjò wà fún Ọ̀gá Àgbà, ipò àwọn méjèèjì kò sì dọ́gba.

Ẹyọ ẹnì kan ṣoṣo tó mọ nǹkan kan nípa bàrà nínú gbogbo wọn ni Wòsílátù Bùsàrí. Ọmọ onílẹ̀ ni. Ìdílé Bùsàrí ló ni ilẹ̀ yẹn kí ìjọba tó gbà á, ìdí sì nìyẹn tí Ọ̀gá Àgbà fi ń bẹ̀rù láti lé e lọ. Ó kàwé nípa irúgbìn, Alákijà ló ń gbé, kì í sì í pariwo. Ọgbọ̀n oríṣi bàrà ló ń gbìn lọ́dọọdún. Yóò fún wọn lómi fún oṣù kan kí wọ́n lè fẹsẹ̀ múlẹ̀, yóò wá dá omi dúró fún ogójì ọjọ́. Èyí tó bá kú, ó kú nìyẹn. Èyí tó bá yè, tó sì so, irúgbìn rẹ̀ ni yóò gbìn lọ́dún tó ń bọ̀. Ọdún méje ló fi ń ṣà wọ́n bẹ́ẹ̀, bí ìyá tó ń ṣa ẹ̀wà.

Lọ́dún keje, ọ̀kan yọrí. Nọ́ńbà Kẹtàdínlógún ni. Ẹ má retí arẹwà o. Ewé rẹ̀ kéré, ó ní irun lára, àwọ̀ rẹ̀ dà bí eérú, èso rẹ̀ kò sì ju ẹ̀ṣẹ́ ọmọdé lọ. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejìdínlógójì tí omi ti kan ilẹ̀ kẹ́yìn, nígbà tí àwọn mọ́kàndínlọ́gbọ̀n yòókù ti nà gbalaja sílẹ̀, òun ṣì ń fà lọ ní tirẹ̀, ó sì ti gbé èso mọ́kànlá sílẹ̀, gbogbo wọn ló gbó.

Mọ́kànlá yẹn ni gbogbo ohun tó kù láyé. Ìyókù irúgbìn rẹ̀ tí wọ́n tọ́jú ti bu, nígbà tí àgbàrá oṣù keje wọ yàrá ìkóǹkansí. Wòsílátù sì ti bá ìyá kan tó ń jẹ́ Ìkẹ́ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, òun ni olórí àwọn obìnrin tó ń gbin bàrà níhà Kíṣí, pé kí wọ́n wá gba irúgbìn náà kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé. Bí mọ́kànlá yẹn bá ṣègbé, ọdún méje ṣègbé nìyẹn, àwọn obìnrin náà á sì tún fi agbára wọn gbin ohun tí yóò gbẹ.

Ọjọ́ kejìdínlógójì yẹn gan-an ni ìwé dé pé Mínísítà ń bọ̀ wá wo oko ní ọ̀sẹ̀ méjì òní. Ọ̀gá Àgbà wọ oko, Adébùnmí tẹ̀ lé e pẹ̀lú agbòjò. Ó rí àwọn bàrà tó rọ. Ojú rẹ̀ pọ́n.

“Arábìnrin Bùsàrí, kí ni gbogbo èyí?”

“Ọ̀gbẹlẹ̀ ni, sà,” Wòsílátù dáhùn.

“Mo mọ̀ pé ọ̀gbẹlẹ̀ ni. Ta ló fọwọ́ sí i?”

“Sà?”

“Ọ̀gbẹlẹ̀ ọjọ́ méjìdínlógójì gbáko, lábẹ́ àkóso tèmi, lórí ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀! Fáìlì ẹ̀ dà? Nígbà tí mo wà ní Ministry, kódà leave ọjọ́ mẹ́ta, a máa ń kọ̀wé béèrè fún un ni.”

“Ó wà nínú ètò iṣẹ́ tí ẹ fọwọ́ sí lọ́dún tó kọjá, sà. Ẹ kà á.”

“Mi ò kà á. Mo fọwọ́ sí i ni. Ìyàtọ̀ wà níbẹ̀.”

“Ìyàtọ̀ ńlá, sà,” ni Adébùnmí wí lábẹ́ agbòjò.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ fara balẹ̀, nítorí ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le gan-an la dé yìí. Ọ̀gá Àgbà ti ṣí fáìlì fún bàrà kọ̀ọ̀kan láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbìn wọ́n, pẹ̀lú déètì tí wọ́n wọṣẹ́ àti ipele tí wọ́n wà. Ó pàṣẹ pé kí wọ́n kọ kúẹ́rì sí mọ́kàndínlọ́gbọ̀n tó rọ. “Ṣàlàyé láàárín wákàtí méjìdínláàádọ́ta,” ni ìwé náà wí, “ìdí tí a kò fi níí bá ọ wí gidigidi nítorí pé o dùbúlẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́.” Wọ́n fi okùn so ìwé náà mọ́ igi kéékèèké, wọ́n ri igi mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàrà kọ̀ọ̀kan. Ẹ má bi mí bóyá bàrà dáhùn. Lẹ́yìn wákàtí méjìdínláàádọ́ta, Ọ̀gá Àgbà ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́ wọn fi hàn pé wọ́n ti ronú pìwà dà, òun sì dárí jì wọ́n. Adébùnmí pàtẹ́wọ́.

Ìdáríjì náà kò lọ lásán. Ó kọ ìwé pé kí tánkà omi kan máa wá láti Satellite Town ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀ lójoojúmọ́, títí dé ọjọ́ àbẹ̀wò, kí ó sì da ẹ̀kún tánkà sínú oko.

“Ṣùgbọ́n sà,” ni Wòsílátù wí, “tí a bá bomi rin wọ́n, ibo la ti fẹ́ mọ èyí tó lè fara da ọ̀gbẹlẹ̀?”

“Ọ̀gbẹlẹ̀ ò dúró. Á máa bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ lórí ìwé. Èyí tó sì lè fara dà á, a ti mọ̀ ọ́n. Nọ́ńbà Kìíní ni.”

“Nọ́ńbà Kìíní ló kọ́kọ́ rọ, sà. Ọjọ́ kejìlá ni.”

“Òun la kọ́kọ́ ṣí fáìlì ẹ̀! Òun ni àgbà. Láti òní lọ, orúkọ ẹ̀ ni Akíntúndé Àrà Ọ̀tọ̀.”

“Nọ́ńbà Kẹtàdínlógún ńkọ́, sà? Òun nìkan ló so.”

Ọ̀gá Àgbà wo Nọ́ńbà Kẹtàdínlógún láti òkè dé ilẹ̀, èyí tí kò gba àkókò, torí pé ilẹ̀ náà ló wà. “Mẹ́rìndínlógún ló ṣíwájú ẹ̀ o. A kì í fo èèyàn lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Wò ó, kò tiẹ̀ rọ pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀! Gbogbo èèyàn ń jìyà, òun ń fà kiri. Ìgbéraga nìyẹn. Ẹ hú u.”

Wòsílátù mọ̀ pé ẹkún kò lè ràn án lọ́wọ́. Ó ní, “Sà, kó tó di pé ẹ hú u, ẹ jẹ́ kí n kó èso ẹ̀ dànù fún yín.” Ọ̀gá Àgbà fọwọ́ sí i, nítorí pé dídanù kì í nílò ìgbìmọ̀. Wòsílátù kó mọ́kànlá náà sínú báàgì, ó gbé wọn lọ sẹ́yìn ọ́fíìsì.

Ẹni tí kò bá mọ bí ẹ̀gúsí ṣe ń dé inú ọbẹ̀, kó gbọ́ báyìí. Èèyàn kì í la bàrà kó máa fi ìka yọ ẹ̀gúsí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kùmọ̀ ni a máa ń fi fọ́ ọ, a ó kó o jọ bí òkìtì, a ó fi ewé bò ó, a ó sì fi sílẹ̀ kó jẹrà fún bí ọjọ́ mẹ́wàá, títí ẹran ara rẹ̀ yóò fi yọ́ kúrò lára irúgbìn. Lẹ́yìn náà ni a ó fi omi fọ̀ ọ́. Mi ò ní tàn yín, òórùn rẹ̀ burú. Ó burú débi pé ẹni tó bá kọjá lẹ́ẹ̀kan, aṣọ rẹ̀ á rántí. Ṣùgbọ́n ní abúlé tí wọ́n ti ń gbin bàrà, kò sẹ́ni tó ń dí imú sí i, nítorí òórùn owó ilé-ìwé ọmọ ni, òórùn aṣọ ọdún ni. Wòsílátù fọ́ mọ́kànlá rẹ̀, ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́.

Lọ́jọ́ karùn-ún, òórùn náà wọ ọ́fíìsì Ọ̀gá Àgbà. Ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn.

“Akọ̀wé, ǹjẹ́ ẹ ń gbóòórùn kankan?”

Adébùnmí, tó ti ń fi ẹnu mí láti àárọ̀, ní, “Òórùn wo, sà? Òórùn tùràrí ara yín nìkan ni mò ń gbọ́.”

“Nǹkan ń rùn níbí.”

“Ó ń rùn, sà! Háà! Ó ń rùn kọjá àlà!” Obìnrin náà di tábìlì mú bí ẹni tó fẹ́ dákú.

Ọ̀gá Àgbà ní iṣẹ́ ọ̀tá ni, àwọn tí kò fẹ́ kí Mínísítà rí àṣeyọrí òun. Ó ní kí wọ́n ra lọ́fínńdà afẹ́fẹ́ méjìlá. Láti ọjọ́ náà, ọ́fíìsì Àjọ ń rùn bí ẹni tó kú sínú ọgbà òdòdó. Tánkà ní tirẹ̀ ń wá ní aago mẹ́wàá lójoojúmọ́. Bàrà mọ́kàndínlọ́gbọ̀n tó ti sùn jí, wọ́n gbin ewé tútù tó fẹ̀, ilẹ̀ gbígbẹ Amuwo-Odofin sì di ẹrẹ̀ tí bàtà ń há sí.

Àárọ̀ ọjọ́ àbẹ̀wò pé. Wòsílátù ní láti lọ pàdé Ìkẹ́ àti àwọn obìnrin márùn-ún tó bá a wá ní Mile 2, nítorí wọn ò mọ Èkó. Ó dá Adébùnmí dúró sẹ́nu ọ̀nà.

“Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kan òkìtì ẹ̀yìnkùlé yẹn. Òní la máa fọ̀ ọ́. Irúgbìn tí mo ní ò jù bẹ́ẹ̀ lọ.”

“Mo ti gbọ́, Wòsílátù. Má yọ ara ẹ lẹ́nu.”

Kò tíì pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí Wòsílátù jáde tí Ọ̀gá Àgbà fi dé, nínú léèsì funfun tó ń dán bí abọ́ tánganran. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó fa imú, ó tẹ̀ lé òórùn náà lọ sẹ́yìnkùlé, ó rí òkìtì.

“Ẹ dà á nù.”

Adébùnmí la ẹnu. Ó rántí Wòsílátù. Ó tún rántí pé oṣù mẹ́jọ péré ló kù kí òun fẹ̀yìn tì. Ó pa ẹnu dé, ó sì ké sí lébìrà méjì tó ní ṣọ́bìrì. Inú gọ́tà ńlá ni wọ́n dà á sí, ọdún méje gbogbo pẹ̀lú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀.

Mínísítà dé ní aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ pẹ̀lú àwọn oníròyìn. Wọ́n jókòó sábẹ́ kánópì. Ọ̀gá Àgbà gun orí pèpéle, ó tú ọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde, ojú ìwé méjìlélógún.

“Ọlọ́lá jùlọ! Láti ìgbà tí Ẹlẹ́dàá ti pàṣẹ pé kí ilẹ̀ hù, ilẹ̀ kò tíì hu irú èyí rí! Nígbà tí mo dé ipò yìí, kí ni bàrà? Ìránṣẹ́ lásán! Lónìí, kí ni bàrà? Òṣìṣẹ́ oníwà pẹ̀lẹ́! Fún ogójì ọjọ́ ni omi ò fi kan oko yìí, Ọlọ́lá jùlọ, ẹ sì wo Akíntúndé Àrà Ọ̀tọ̀ bó ṣe ń dán!”

Àwọn òṣìṣẹ́ pàtẹ́wọ́ ní ìparí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, àti láàárín gbólóhùn pẹ̀lú, kó má bàa di pé ẹnì kan kẹ́yìn. Ní ojú ìwé kẹrin, Mínísítà ti ń sùn.

Àkókò yẹn ni Wòsílátù àti àwọn obìnrin mẹ́fà gba ẹ̀yìn wọlé. Ìkẹ́ ti ń fa imú láti ẹnu géètì. “Ọmọ mi,” ó ní, ẹ̀rín bo ojú rẹ̀, “òórùn ẹ̀gúsí nìyí. Ó ti jẹ dáadáa.” Wọ́n dé ẹ̀yìnkùlé. Ilẹ̀ tútù lásán ló wà níbẹ̀, àti ipa ṣọ́bìrì tó lọ tààrà sí gọ́tà.

Wòsílátù jókòó sílẹ̀. Ìkẹ́ ló lọ bojú wo inú gọ́tà. Ọpẹ́lọpẹ́ ọ̀rá píọ̀ wọ́tà o, tí a máa ń bú lójoojúmọ́: ó ti dí gọ́tà náà pa níwájú díẹ̀, bàrà jíjẹrà sì gúnlẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀, irúgbìn ń yọjú funfun nínú dúdú.

“Dìde, ọmọ mi. Ó wà ńbẹ̀. Dìde!” Ìkẹ́ ti ká ìró, ó ti wọ inú gọ́tà dé orúnkún. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e.

Wọn ò tíì bu ẹ̀kúnwọ́ kejì nígbà tí aago mẹ́wàá lù. Tánkà dé.

Abdulbasit ni orúkọ dírẹ́bà náà, ọmọlúàbí èèyàn tí kì í fi iṣẹ́ ṣeré. Ó so hóòsì, ó ṣí i. Oko tó ti mumi fún ọ̀sẹ̀ méjì kò lè mu mọ́. Omi gba orí ẹrẹ̀ kọjá, ó já sínú gọ́tà, òkìtì ọ̀rá píọ̀ wọ́tà náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Iwájú rẹ̀ kò sí nǹkan mìíràn bí kò ṣe kánààlì. Wòsílátù sáré bá a.

“Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tì í! Irúgbìn mi ń lọ!”

“Àǹtí, ìwé tí wọ́n fún mi nìyí, ẹ̀kún tánkà ló wà níbẹ̀. Tí mo bá tì í ní àbọ̀, wọn ò ní sáìnì fún mi. Ọ̀gá Àgbà nìkan ló lè ní kí n dáwọ́ dúró. Ẹ lọ gbàwé wá, mo bẹ̀ yín.”

Wòsílátù tún sáré, ó di iwájú pèpéle pẹ̀lú ẹrẹ̀ dé itan. Ọ̀gá Àgbà wà ní ojú ìwé kẹsàn-án.

“Sà, ẹ ní kí wọ́n ti tánkà!”

Ọ̀gá Àgbà rẹ́rìn-ín sí Mínísítà, ó wá sọ sínú maikirofóònù tí gbogbo àdúgbò ń gbọ́, “Arábìnrin Bùsàrí, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Kó gba ọ̀dọ̀ akọ̀wé wá.”

“Sà, irúgbìn àwọn àgbẹ̀ ń lọ sínú kánààlì!”

Mínísítà ti jí. “Tánkà wo?”

“Tánkà omi, sà,” ni Wòsílátù dáhùn. “Èyí tó ń bomi rin oko láti ọ̀sẹ̀ méjì.”

“Oko wo? Ṣé oko tí omi ò kàn fún ogójì ọjọ́ yìí?”

Gbogbo ojú yí sí Ọ̀gá Àgbà. Ẹlòmíràn ì bá ti purọ́ gidi. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀, ọkùnrin náà gba ohun tó sọ gbọ́ tọkàntọkàn. Ó na ara rẹ̀ tán, ó ní, “Ọ̀gbẹlẹ̀ náà wà, Ọlọ́lá jùlọ. Ó wà nínú fáìlì.”

Oníròyìn kan bú sẹ́rìn-ín, ìyókù sì tẹ̀ lé e. Mínísítà kò rẹ́rìn-ín. Ó ti dìde, ó ti ń lọ. Ó rí oko, ó rí ẹrẹ̀, ó rí kúẹ́rì tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lórí igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàrà, ó dúró ka ọ̀kan tán, ó sì tún un kà. Ó lọ bá Abdulbasit.

“Ti omi yẹn.”

“Ṣé ẹ̀yin ni Ọ̀gá Àgbà, sà?”

“Mínísítà ni mí!”

“Ẹ má bínú, sà,” Abdulbasit wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, “orúkọ yín ò sí níbí.”

Mínísítà fúnra rẹ̀ ló ti omi náà. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù fún ọ̀rá: òkìtì náà já, omi dúdú gbá a, irúgbìn sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Ìkẹ́ ké láti inú gọ́tà pé kí ẹni tó bá lọ́wọ́ wọlé. Kò béèrè ipò ẹnikẹ́ni. Mínísítà wo obìnrin àgbà náà, ó wo Wòsílátù tó ti sáré padà, tó dojú bolẹ̀, tó ń fi àyà dí omi, ó ká agbádá rẹ̀ sọ́rùn, ó sì wọ gọ́tà.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kò tíì rí ibi tí ìpọ́nni ti wúlò rí, àfi lọ́jọ́ náà. Bí ẹsẹ̀ Mínísítà ṣe kan omi báyìí, gbogbo àwọn tó jókòó síwájú bẹ́ wọ inú rẹ̀, wọ́n ń tira wọn kí wọ́n lè sún mọ́ ọn. Olùrànlọ́wọ́ pàtàkì Mínísítà ń fi fìlà sẹ́ irúgbìn. Atọ́kùn ètò ju maikirofóònù sílẹ̀, ó ń fi bàtà gbọ́n omi. Adébùnmí ló kẹ́yìn. Ó dúró létí gọ́tà pẹ̀lú agbòjò, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ó ní, “Wòsílátù, èmi ni mo ní kí wọ́n dà á síbẹ̀. Mo gbọ́ ohun tó o sọ, mo ṣì jẹ́ kí wọ́n dà á.” Adébùnmí sọ̀ kalẹ̀, ó ṣí agbòjò náà, ó dojú rẹ̀ délẹ̀ sínú omi ní ọ̀gangan ibi tí gọ́tà ti fẹ́ já sí kánààlì, ó sì dì í mú bẹ́ẹ̀ fún wákàtí kan.

Ọ̀gá Àgbà nìkan ló kù lórí pèpéle. Ó ka ojú ìwé kẹwàá fún àga oníke. Ó ka ìkọkànlá. Ó dúró díẹ̀ níbi tó ti kọ “àtẹ́wọ́” sí ìwé, kò gbọ́ nǹkan kan, ó bá tẹ̀ síwájú. Ní ìkẹrìnlá ló sín. Kò sẹ́ni tó dìde, kò sẹ́ni tó wí nǹkan. Ó wá ká ìwé rẹ̀, ó rìn wá sí etí gọ́tà.

“Olóyè,” ni Mínísítà wí láti ìsàlẹ̀, kò tiẹ̀ gbé orí sókè, “ẹ máa lọ sinmi nílé. Láti òní lọ. Ìwé á bá yín níbẹ̀.”

“Ọlọ́lá jùlọ, irú ìpinnu báyìí, ó yẹ kó gba ọwọ́ ìgbìmọ̀…”

“Mo ti pinnu ẹ̀ nínú gọ́tà yìí, sà.”

Bí ẹlòmíràn ni, á lọ sílé. Ṣùgbọ́n gbogbo kámẹ́rà wà nínú gọ́tà, ọkùnrin náà kò sì fi kámẹ́rà sílẹ̀ rí láyé rẹ̀. Ó wọlé pẹ̀lú léèsì funfun. Ìkẹ́ kò mọ ẹni tó jẹ́.

“Bàbá onífunfun, ẹ káàbọ̀. Ẹ dúró sí ibẹ̀ yẹn, ẹ fẹsẹ̀ dí i. Rárá, ẹ má sọ̀rọ̀ o. Ẹ kàn máa ṣà.”

Ó sì ṣà. Mo sọ ọ́ pẹ̀lú ìyàlẹ́nu, ṣùgbọ́n òótọ́ ni mo gbọ́dọ̀ sọ: ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀, ó ṣà, fún bí ìdajì wákàtí kò sì sọ̀rọ̀.

Nígbà tí kò sí ohun tí wọ́n lè rí mọ́, wọ́n tẹ́ gèlè Ìkẹ́ sórí kọnkéré, wọ́n ń ka irúgbìn lé e lọ́kọ̀ọ̀kan, Ìkẹ́ ń fi àtàǹpàkò tẹ kọ̀ọ̀kan wò kó tó gbà á. Ẹgbẹ̀rún kan àti díẹ̀ ló yẹ kó wà. Igba ó dín méje ni wọ́n kà. Wòsílátù bú sẹ́kún, ó sì ń rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí ohun tó lọ dùn ún wọra, ohun tó kù sì tó fi bẹ̀rẹ̀.

“Ó tó, ọmọ mi,” Ìkẹ́ ní. “Lọ́dún kan, a ó sọ ọ́ di àpò. Òjò àkọ́rọ̀ ò ní dúró dè wá, ẹ jẹ́ ká máa lọ.”

“Ẹ dúró!” Olóyè Alàgbà Dennis Akíntúndé ti jáde nínú gọ́tà. Ó pa ọwọ́ rẹ̀ dé, ó gbé e sókè kí àwọn oníròyìn lè rí i. “Ní orúkọ Àjọ yìí, àti ní orúkọ ara mi, mo ní ìdùnnú láti fi irúgbìn mẹ́rin…”

Ìkẹ́ gbá ọwọ́ náà mú, ó là á bí ẹni la ọwọ́ ọmọ tó jí ẹran. Irúgbìn mẹ́rin wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ó tẹ ìkínní, ó fi sórí gèlè. Ó tẹ ìkejì, ó fi sí i. Ìkẹta ló tóbi jù, ó funfun, ó ń dán. Ó tẹ̀ ẹ́, ó rọ́ sínú. Ó mú ìkẹrin, ó tẹ̀ ẹ́, ó fi sórí gèlè pẹ̀lú àwọn tó kù.

“Mẹ́ta ni, Bàbá,” ó ní. “Ìkan yìí ò yọmọ. Ìta ẹ̀ lẹ rí, kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀.”

Ó ju èyí tó rọ́ náà sẹ́yìn sínú gọ́tà, ó di gèlè rẹ̀ ní kókó, òun àti àwọn obìnrin rẹ̀ sì gba ọ̀nà Mile 2 lọ.